"Subprime" Kì í Ṣe Orúkọ Gbogbo Gbèsè

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló ń sọ irú ojú tí aráyé yóò fi wo ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Bó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbèsè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ owó, ìbáà ṣe ìròyìn, ìbáà ṣe àròkọ ilé ìwé, ìbáà ṣe lẹ́tà ìfisùn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ gbogbo gbèsè tó bá ti mú wàhálà dání. "Subprime" ni wọ́n ń pè é. Gbèsè tí ẹni tó yá a kò rí san, "subprime" ni. Owó orí fóònù tí èlé rẹ̀ ń gún ni bí abẹ́rẹ́, "subprime" ni. Owó ńlá tí àwọn ọlọ́lá kó ní báńkì tí wọn kò dá padà, "subprime" náà ni.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ gírámà lásán nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìlò ọ̀rọ̀ yìí ń gba ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀, ó sì ń gbé ẹ̀bi ka orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Lẹ́nu àwọn onílé ìfowópamọ́, "prime" ni oníbàárà tí ọkàn wọn balẹ̀ sí jù lọ, ẹni tí wọ́n ń fún ní èlé tó kéré jù. "Sub" ni ìsàlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ "subprime" ni ẹni tí ayánilówó gbà pé kò tó ipò oníbàárà àkọ́kọ́ yẹn, bóyá nítorí pé ó ti jẹ gbèsè pẹ́ rí, tàbí pé owó tó ń wọlé fún un kò dúró sójú kan, tàbí pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan nípa bó ṣe ń san gbèsè. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n FICO bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850, ọ̀pọ̀ ayánilówó sì ń fa ààlà sí nǹkan bíi 620 tàbí 660. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ààlà yóò rí owó yá, ṣùgbọ́n èlé tirẹ̀ yóò ga ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Kókó ibẹ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa ojú tí ayánilówó fi wo ẹni tó fẹ́ yá owó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Kò sọ pé ẹni náà kò ní san. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń san dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Kò sì sọ pé ayánilówó rẹ́ni jẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé "the loan has become subprime" nítorí pé oṣù mẹ́ta ti kọjá láìsan ti ṣì í kọ. Ẹ̀yáwó kì í di "subprime" lójú ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bí i bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ náà ní ìlànà. Àpèjúwe ni, iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì sábà máa ń wà: "subprime loan", "subprime borrower", "subprime lending". Kò nílò lẹ́tà ńlá, àyàfi bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ sí. Àwọn ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi àmì kékeré sáàárín rẹ̀. Èyíkéyìí tí òǹkọ̀wé bá mú, kó dì í mú títí dé òpin ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ pọ̀ dáadáa tó sì fi pe ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbajúmọ̀ kárí ayé ní ìtàn. Ní nǹkan bíi ọdún 2006, ìdá kan nínú márùn-ún owó tí wọ́n yá àwọn ènìyàn fi ra ilé ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ti irú èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe lọ́nà tí èlé yóò fi rọrùn fún ọdún 2 àkọ́kọ́, tí yóò sì máa yí padà fún ọdún 28 tó kù. Nígbà tí èlé gòkè tí iye owó ilé sì já wálẹ̀, àwọn onílé kò rí owó san. New Century Financial, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yáni ní irú owó bẹ́ẹ̀ jù lọ, kógbá wọlé ní Oṣù Kẹrin ọdún 2007. Lehman Brothers tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Àwọn onímọ̀ èdè nínú ẹgbẹ́ American Dialect Society mú "subprime" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún 2007.

Lẹ́yìn tí ariwo náà sọ̀ kalẹ̀ tán ni ohun mìíràn hàn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ló tọ́ sí i. Ní Oṣù Keje ọdún 2012, báńkì Wells Fargo gbà láti san ó kéré tán $175 mílíọ̀nù, kí ó lè parí ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kàn án pé wọ́n ń ti àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Látìn sínú ẹ̀yáwó "subprime", nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà ń gba èyí tó rọrùn. Báńkì náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó sanwó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ tí ayánilówó fúnni lè jẹ́ ọ̀nà tó fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá wá ń lo orúkọ náà bó ṣe wù wá, ayánilówó là ń bá ṣiṣẹ́ láìgba owó ọ̀yà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi pààrọ̀ "subprime", òun ni "substandard". Orí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra, ìwà wọn kò jọra. Nínú òfin tí Báńkì Àpapọ̀, CBN, fi ń darí àwọn báńkì, ẹ̀yáwó tí wọn kò san èlé tàbí ojú owó rẹ̀ fún ọjọ́ 90 ti di "non-performing", èyíinì ni gbèsè tí kò mú owó wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in sí ìpele mẹ́ta. Láti ọjọ́ 90 sí 180, "substandard" ni. Láti ọjọ́ 180 sí 360, "doubtful" ni. Bó bá kọjá 360, "lost" ni. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, gbèsè àkọ́kọ́ dákú, ìkejì wà lójú ikú, ìkẹta ti kú pátápátá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó ti jáde ni gbogbo èyí ń sọ. Akọ̀ròyìn tó bá kọ "subprime" síbi tí CBN kọ "substandard" ti yí ìròyìn po: ó ti fi ìwà ẹni tó yá owó rọ́pò ipò tí gbèsè wà.

Ibi tí àṣìlò yìí ti ṣe ibi jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ọdún 2009. Títí di òní, àwọn kan ń kọ ọ́ pé wàhálà "subprime" ló wó àwọn báńkì Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí á rántí bó ṣe lọ. Lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, CBN ní kí gbogbo báńkì ní olówò ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn lójijì, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé e sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà ní ọjà ìdókòwò, ṣíà yẹn náà ni wọ́n sì gbà bí ìdógò. Wọ́n yá àwọn onísòwò epo rọ̀bì. Àwọn olórí báńkì mìíràn yá owó fún ara wọn àti fún àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìdókòwò wa kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bíi 20,000. Ìdógò di eérú.

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó ti di gómìnà CBN yọ olórí báńkì márùn-ún nípò: Afribank, Finbank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. ₦420 bílíọ̀nù ni wọ́n dà sínú wọn kí wọ́n má baà ṣubú. CBN tẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè síta nínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 2010, wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́ náà. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ dá olórí Oceanic tẹ́lẹ̀ lẹ́bi, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gba dúkìá tó tó ₦191 bílíọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta wá ni "subprime" nínú ìtàn yìí? Ṣé àwọn tó ní ọkọ̀ òfuurufú ni? Ṣé àwọn tó ń gbé epo wọ̀lú ni? Àwọn wọ̀nyí gan-an ni "prime" nílẹ̀ yìí, àwọn tí báńkì ń dìde kí. Àwọn tó wà lókè tente ló jẹ gbèsè náà, àwọn tó wà lókè tente ló sì yá wọn. Ìyá tó ń ta gaàrí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀. Bàbá tó ń dáko ní Ìlobùú kò sí níbẹ̀. Báńkì kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó dé ibi tí wọn yóò ti béèrè. Síbẹ̀, bí akọ̀ròyìn bá ti kọ "subprime", ohun tó ń wá sí ọkàn ẹni tó ń kà á ni pé àwọn tálákà tí kò lè san gbèsè ló ba báńkì jẹ́. Irọ́ ni. Ó sì jẹ́ irọ́ tó dùn mọ́ àwọn tó jẹ owó náà nínú.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sí òde òní. Ìfọ́n àti Ìlobùú kò jìnnà sí Òṣogbo, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ìjà ààlà ilẹ̀ tó tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Bí ọjà bá ti dákẹ́, owó ìṣòwò ni àwọn ènìyàn ń jẹ. Bí ọjà bá wá ṣí padà, owó mìíràn ni wọn yóò wá. Ẹni tí báńkì kò dá lóhùn yóò bá ẹgbẹ́ alájọṣe, yóò bá alájọ ojoojúmọ́, bí ìyẹn náà kò bá tó, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní obìnrin oníṣòwò kan yá ₦50,000 lórí áàpù. Kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti yọ ₦10,000 tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́. ₦40,000 ló rí gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ₦50,000 ni wọ́n ń retí. Èlé ibẹ̀ jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì 26 ló wà nínú ọdún kan; bí a bá sọ ọ́ di ti ọdún, ó di ìdá 650 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn bàbá wa mọ olówó èlé tí wọ́n ń pè ní sógúndogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì. Orúkọ náà ti tó ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá: ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ áàpù yìí, sógúndogójì fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláàánú.

Bí owó bá wá pẹ́ díẹ̀, ìgbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù obìnrin náà: pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù rẹ̀, àna rẹ̀, olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Èyí náà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ẹni tí olówó máa ń rán láti lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò a wọ ilé, a jókòó, a máa bú onílé, a máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí tí owó yóò fi jáde. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ológò ayé àtijọ́ kò lè wà nílé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òde òní lè wọ ilé igba ní ìṣẹ́jú kan.

Ìjọba kò ṣàì mọ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Loan nítorí pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí àwọn oníbàárà lójú. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan l'Ékòó. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún gbogbo wọn. Ní ọdún 2025, òfin mìíràn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tún jáde.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè ran ẹni tí ìfisùn rẹ̀ ti dá a lẹ́bi lọ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ìyà. Bí ọmọ obìnrin yẹn tó kàwé bá jókòó láti bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà, tó sì kọ ọ́ pé "they gave my mother a subprime loan", kí ló sọ? Ó sọ fún àjọ náà pé ìyá òun kò ṣeé gbọ́kàn lé, àti pé ayánilówó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi gba èlé gíga. Ó ti bá áàpù rojọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lò ni "predatory", èyí tí a lè pè ní ẹ̀yáwó ìrẹ́nijẹ, nítorí pé ìwà ayánilówó ni èyí ń sọ, kì í ṣe ipò ẹni tó yá owó. Bó bá sì fẹ́ ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: iye tí wọ́n sọ, iye tó wọlé, ọjọ́ tí wọ́n dá, iye ènìyàn tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. "They deducted ₦10,000 before paying and sent messages to her contacts." Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ lágbára ju ojú ìwé mẹ́ta ọ̀rọ̀ ńláńlá lọ.

Àwọn kan yóò fèsì pé èdè ń yí padà, pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń lo ọ̀rọ̀ kan báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni pé èdè ń yí padà. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kì í yí padà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin CBN, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ayánilówó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ni yóò jìyà àìmọ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ebi ń pa ará ìlú, ta ló ń wá gírámà kiri? Ẹni tí ebi ń pa gan-an ni kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ́ jẹ. Olówó ní agbẹjọ́rò tí yóò bá a ka ìwé. Tálákà kò ní ju ọ̀rọ̀ tó gbọ́ yé lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn. Kí àwọn akọ̀ròyìn yé da àwọn ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Bí ayánilówó bá gbà pé ewu wà nínú ẹni tó fẹ́ yá lówó, "subprime" ni, ẹ̀yáwó eléwu. Bí wọn kò bá san gbèsè mọ́, "non-performing" ni, gbèsè tó dákú. Bí ayánilówó bá rẹ́ni jẹ, "predatory" ni, ẹ̀yáwó ìrẹ́nijẹ. Gbèsè kan lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni láti sọ èyí tó jẹ́. Kí àwọn olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní àwọn ilé ìwé girama, láti Ìfọ́n dé Ìbàdàn, kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó kọ́ wọn ní àwòrán ìlà ọjà. Kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò pẹ̀lú fi Yorùbá tó yéni ṣàlàyé èlé lọ́dún, kì í ṣe lóṣù tàbí lọ́sẹ̀ nìkan. Kí ìjọba sì fi dandan lé e pé áàpù tó bá fẹ́ yá ará Ọ̀ṣun lówó gbọ́dọ̀ kọ iye tí yóò wọlé, iye tí yóò jáde àti èlé ọdún kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ní èdè tí ẹni náà ń sọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Báńkì tó fi owó àwọn ènìyàn ṣòfò ní ọdún 2009 kì í ṣe aláìsàn tí tálákà kó àrùn ràn. Obìnrin tí áàpù ń lé kiri kì í ṣe olè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó tọ́ sí i.